Wọ́n ní àkótán ni mo ṣe, n kò yẹ ìwádìí náà wò. Ẹ gbà mí o

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 5:40 ìdájí

Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni mo wà, mo sì ń fi ọjọ́ ìsinmi mi ka ìwé dìgírì. Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú ìwádìí kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú èyí tí Linda Aiken àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú JAMA, jọ́nà àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002. Ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì tó lé ní 10,000, aláìsàn 232,342 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ní bí aláìsàn kan bá kún iye tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì kan, ewu pé aláìsàn á kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ojú ìwé mẹ́fà ni mo kọ. Òru mẹ́ta, lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn bá ti sùn. Olùkọ́ dá a padà pẹ̀lú bírò pupa: "Àkótán nìyí. Níbo lo ti yẹ̀ ẹ́ wò?" 9 nínú 20.

Ohun tí kò yé mi nìyí: ta ni mo jẹ́ tí màá máa wá àléébù sí iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n? Àwọn onímọ̀ bíi tiwọn ti kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ló wá kù tí èmi fẹ́ sọ? Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ayérayé · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

9 nínú 20 lẹ ń sunkún sí? Èmi gba 6 lọ́dún tó kọjá, ìwádìí ìṣòwò ni tèmi. Mo fi "àwọn olùwádìí gbìyànjú gan-an" parí ẹ̀. Olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ "gbìyànjú gan-an", ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé "wọ́n dúpẹ́."

BàbáOníṣirò · Ọjọ́ Ajé, 8:02 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, kú iṣẹ́ òru o. Olùkọ́ yín le, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ọ.

Tí ìyá rẹ bá lọ ra iṣu, ṣé ẹnu oníṣu ló máa ń gbọ́ kó tó sanwó? Á tẹ orí iṣu, á gbé e sọ́wọ́ bóyá ó wúwo, á yí i padà wo ibi tí kòkòrò ti lè wọlé. Oníṣu kì í bínú sí i, ó mọ̀ pé oníbàárà tó mọ iṣu ni. Ìwọ wá kọ gbogbo ohun tí oníṣu sọ sílẹ̀, o fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo máa ń ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ni pé kí wọ́n fi ìwé bo àkótán òkè àti ọ̀rọ̀ ìparí pátápátá. Ibẹ̀ ni oníṣu ti ń polówó. Ṣí ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ta ni wọ́n kà? Ta ni wọn kò kà? Ta ni wọ́n fi wé ta? Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Jẹ́ ká tẹ orí iṣu tìẹ. Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye aláìsàn tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì kan? Wọn kò dúró sí wọ́ọ̀dù kankan kà á. Wọ́n mú ìdajì orúkọ tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ yẹn, wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ní kí wọ́n sọ iye aláìsàn tí wọ́n tọ́jú ní dúútì tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáhùn. Ìdá 48 tó kù ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ló wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé wọn kò ráyè ṣí lẹ́tà ni, àbí ara tù wọ́n, wọn kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ ráhùn lé lórí? O rí i? O ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn.

Ìkejì: kò sẹ́ni tó ṣẹ́ gègé níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ilé ìwòsàn kan pé kó lo nọ́ọ̀sì púpọ̀, kó sì sọ fún ìkejì pé kó lo díẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá kálukú ni wọ́n kà á. Ilé ìwòsàn tó rówó gba nọ́ọ̀sì púpọ̀, ó ṣeé ṣe kó rówó ra ẹ̀rọ tó dáa, kó sì rí dókítà àgbà gbà. Wọ́n gbìyànjú o: wọ́n fi bí ilé ìwòsàn ṣe tóbi tó sínú ìṣirò, bóyá ó ń kọ́ àwọn dókítà, bóyá ó ní ẹ̀rọ ńláńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò wọ̀n kò sí nínú ìṣirò. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Èmi àtìẹ mọ̀ pé àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́.

Ìkẹta ni ìdá 7 yẹn, torí ó máa ń dẹ́rù bani. Ìdá 7 nínú kí ni? Nínú àwọn aláìsàn 232,342 yẹn, 4,535 ló kú. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20 nínú ẹgbẹ̀rún. Fi ìdá 7 lé 20, ó di 21 àti díẹ̀. Èèyàn kan àti díẹ̀ ló kún ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe ìṣirò yìí sínú iṣẹ́ ẹ̀, èmi kì í fún un ní 9.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka èyí lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun dá lójú mi. Àmọ́ sà, ṣé kí n wá sọ pé ó kéré ni? Èèyàn kan nínú ẹgbẹ̀rún?

BàbáOníṣirò · Ọjọ́ Ajé, 1:48 ọ̀sán

Mo ní kó o sọ iye tó jẹ́, n kò ní kó o sọ pé ó kéré. Ìdá 7 lórí 4,535, ó lé ní 300 òkú. Fún ọmọ ẹnì kan nínú 300 yẹn, ṣé ó kéré? Méjèèjì ni kó o kọ, kí ẹni tó ń kà á fojú ara ẹ̀ wò ó.

ÀǹtíManchester · Ọjọ́ Ajé, 7:30 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Lóṣooṣù, àwa ará wọ́ọ̀dù máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì láti ka ìwádìí kan. Bisikíìtì ló ń fa èèyàn wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀.

Àbúrò, ohun tí Bàbá sọ dáa, mo kàn fẹ́ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Má ṣe yẹ ìwádìí kan wò bíi pé òun nìkan ni ìyá ẹ̀ bí. Pè é pẹ̀lú àwọn àbúrò ẹ̀. Lọ́dún 2014, Aiken àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé òmíràn jáde nínú The Lancet, jọ́nà ìṣègùn kan: orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, ilé ìwòsàn 300, aláìsàn tó lé ní 420,000. Ìdá 7 náà ló tún jáde. Ó sì fi òmíràn kún un, pé níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ní dìgírì bá ti pọ̀, ikú ń dín kù. (Fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ní dìgírì tó ò ń kà kò wúlò.)

Ẹ ó sọ pé àkùkọ náà ló tún kọ. Mo gbà. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kó o ka ti Queensland ní Ọsirélíà. Ìjọba ibẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2016 pé iye aláìsàn tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Ilé ìwòsàn 27 ni òfin náà dé. Àwọn olùwádìí wá fi wọ́n wé 28 tí òfin kò dé, ṣáájú òfin àti lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2021. Ikú dín kù níbi tí òfin dé. Àwọn tó ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sílé kò pọ̀ sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ sí i níbi tí òfin kò dé. Kì í ṣe gègé náà lèyí, ṣùgbọ́n ẹnì kan fọwọ́ kan nǹkan, a sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tó kù, ìwọ nìkan ló lè kọ ọ́. Níbí, bí mo bá ní aláìsàn mẹ́jọ, èmi ni mò ń fún wọn lóògùn, èmi ni mò ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báwo ló ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Lóru àná, ọkùnrin kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń nu ara ẹ̀, òun ló ń da ìtọ̀ nù tó sì ń sọ fún mi pé "nọ́ọ̀sì, ó ti dé ibi ìlà kejì." Nígbà tí ògùn apakòkòrò tán, mo kọ ọ́ fún un, ó sáré lọ rà á níta ẹnu ọ̀nà, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rìn. Bí obìnrin yẹn ò bá sí níbẹ̀, mi ò mọ bí ilẹ̀ ìbá ṣe mọ́ bá wa.

Nígbà tí mo kà nípa "aláìsàn mẹ́rin sí nọ́ọ̀sì kan" nínú ìwádìí náà, mo rò pé ibi kan náà la wà. Kì í ṣe ibi kan náà.

ÀǹtíManchester · Ọjọ́ Ajé, 10:11 alẹ́

Kọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ yìí. Yọ tọ́ọ̀ṣì kúrò nìkan. Rárá, fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

TíṣàMọdákẹ́kẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ìjókòó yín ló fà mí wọlé, torí ìwádìí tí èmi náà gbé dání ti ìtòsí ilé ni. Ta ló mọ iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ níbí? Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, owó Ford Foundation ni wọ́n fi ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ni wọ́n ti fi lélẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ àfiwé gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nígbà náà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yẹn ta àwọn yòókù yọ. Títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀! Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ńṣe ni mo dìde lórí àga.

Súpáfáísọ̀ mi wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí tún ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí gbà?" Mo padà lọ kà á. Wọ́n dìídì kọ ìwé tuntun fún wọn. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn yunifásítì ń wọlé wọ́n ń jáde, àwọn olùkọ́ ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ojú wà lára wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọ tí gbogbo ojú bá wà lára ẹ̀, bí wọ́n bá fi èdè ẹyẹ kọ́ ọ, á gbìyànjú. Ṣé èdè ló ṣiṣẹ́, ṣé ìwé ni, ṣé olùkọ́ ni?

Inú bí mi nígbà tó bi mí. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan wa lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Ayérayé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ìbéèrè yẹn náà ló yẹ ká bi ìjọba. Wọ́n gbé òfin èdè abínibí jáde lọ́dún 2022, pé kí gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 mínísítà fagi lé e, ó ní àgbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń já WAEC àti JAMB jù. Àgbègbè tí kò ní tíṣà, tí kò ní àga, ṣé èdè ló fi wọ́n síbẹ̀?

TíṣàMọdákẹ́kẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún 2022, ìgbà wo ló máa jókòó ṣe WAEC? Ẹ kà á. Kò tí ì jáde kíláàsì kẹfà. Ta ni wọ́n wá kà nígbà náà?

Alábòójútó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ká má jẹ́ kó di ti òṣèlú. Ìwádìí ni ọ̀rọ̀ wa níbí. Mo ti pa èsì méjì rẹ́.

AládìrẹÌtòkú · Ọjọ́ Rú, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìwé. Èmi oníṣòwò ni mí o, aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà, mo sì ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún wa láàárín ọdún márùn-ún. Wọ́n á fún wa ní jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n á fún wa ní sátífíkéètì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ọ̀dọ́mọbìnrin kan á dé pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì: "Mà, èló lẹ jẹ lérè lóṣù tó kọjá?"

Ẹ dákun, ta ló ń sọ èrè ẹ̀ fún àlejò? Bí mo bá ní ó pọ̀, owó orí ló ń bọ̀. Bí mo bá ní kò sí, ó dà bíi pé mo jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn lásán. Iye tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni mò ń sọ. Ìyẹn ni wọ́n máa kó lọ fi kọ ìwé. Ẹ wá ní kí n gbà á gbọ́.

ỌmọLómè · Ọjọ́ Rú, 12:30 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Lómè ni mo wà, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń tajà nílẹ̀ Tógò, ìwádìí kan sì wà tí wọ́n ṣe níbí tó máa dùn mọ́ yín nínú. Jọ́nà Science ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2017. Wọ́n mú oníṣòwò kéékèèké 1,500 nílùú Lómè, wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, 500, 500, 500. Àwọn àkọ́kọ́ kọ́ ìṣòwò bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin náà: àkọsílẹ̀ owó, ìpolówó, bí wọ́n ṣe ń ṣètò ọjà. Àwọn ìkejì kọ́ nǹkan mìíràn pátápátá, èyí tó dá lórí ìwà: kí èèyàn má dúró de ẹni tó máa rán an níṣẹ́, kó wo ohun tí àwọn aládùúgbò kì í tà, kó má tètè jáwọ́. Àwọn ìkẹta kò gba nǹkan kan. Wọ́n ń padà wá bi wọ́n léèrè fún ọdún méjì ó lé.

Èrè àwọn tó kọ́ ìwà fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ. Tàwọn tó kọ́ ìwé owó fi ìdá 11 jù ú lọ, wọ́n sì ní ìdá 11 yẹn kò tó ohun tí èèyàn lè gbára lé. Láàárín àwọn obìnrin, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 40 fún àwọn tó kọ́ ìwà, ìdá 5 fún àwọn tó kọ́ ìwé owó.

AládìrẹÌtòkú · Ọjọ́ Rú, 12:51 ọ̀sán

Gègé dáa. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn ọlọ́pọlọ ni wọ́n kó sí apá kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì dúró síbẹ̀, ó tún wúwo sí i. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kọ́ pé "dìde, fúnra rẹ ṣe é, má jáwọ́," bí wọ́n bá padà wá bi í pé èló ló jẹ lérè, ṣé ojú kò ní tì í láti sọ pé ọjà kò tà? Ẹni tó kọ́ ìwé owó ní tiẹ̀ ti mọ ìṣirò, ó ti mọ̀ pé owó ilé àti owó ọkọ̀ ń jẹ nínú èrè. Á yọ ọ́ kúrò. Tiẹ̀ á kéré, kì í ṣe torí ọjà kò tà, torí ó ti mọ kíkà ni.

BàbáOníṣirò · Ọjọ́ Rú, 2:05 ọ̀sán

Ẹ ò rí nǹkan! Nọ́ọ̀sì, ṣé o ń kà á? Ìyá oníṣòwò yìí kò ní dìgírì tí ò ń wá kiri, ó sì ti yẹ ìwádìí wò ju ojú ìwé mẹ́fà rẹ lọ. Ohun tó mọ̀ nípa ọjà ló fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ náà, ohun tó o mọ̀ nípa wọ́ọ̀dù ni kó o lò.

ỌmọLómè · Ọjọ́ Rú, 3:17 ọ̀sán

Ìyá, n kò lè jà yín níyàn lórí ẹnu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè nìkan ni wọ́n béèrè. Wọ́n béèrè iye ọjà tí wọ́n tà, àti bóyá wọ́n ti mú ọjà tuntun wọlé. Àwọn tó kọ́ ìwà ló mú ọjà tuntun wọlé jù. Ìyẹn hàn lórí àtẹ, ojú lè rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni wọ́n padà wá béèrè. Irọ́ tí èèyàn ní láti máa tún pa, ó máa ń ṣòro rántí.

AládìrẹÌtòkú · Ọjọ́ Rú, 3:25 ọ̀sán

Ó wá rí bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ èyí díẹ̀. Díẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́ Rú, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, mò ń kà á sà. Ẹ jọ̀ọ́, ìdá 11 tí wọ́n ní kò ṣeé gbára lé yẹn. Ìdá 11 ṣáà ju òfo lọ. Báwo ló ṣe di ohun tí kò sí?

BàbáOníṣirò · Ọjọ́ Rú, 8:00 alẹ́

Wọn kò ní kò sí. Gba kóńgò, wọn gàrí inú àpò kan, da á padà, tún un wọ̀n. Kò ní bára mu. Ìgbà kan á fi ẹ̀kúnwọ́ kan dín, ìgbà kan á lé. Kò sẹ́ni tó fi kún un, kò sẹ́ni tó jí i. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun da gàrí kún àpò yẹn, tí ohun tó lé kò ju ẹ̀kúnwọ́ yẹn lọ, o kò lè jà á níyàn, o kò sì lè jẹ́rìí fún un. Ibi tí ìdá 11 yẹn wà nìyẹn. Èrè àwọn oníṣòwò kéékèèké ń lọ sókè sódò gan-an, ẹ̀kúnwọ́ tiwọn tóbi. Ìdá 30 kọjá ẹ̀kúnwọ́.

Nítorí náà má kọ ọ́ láéláé pé "ẹ̀kọ́ ìwé owó kò wúlò." Kọ ọ́ pé ìwádìí yìí kò lè fi ẹ̀rí hàn pé ó wúlò. Àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn ò mọ ìyàtọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá wọn jà.

Àgbàlagbàkan · Ọjọ́bọ̀, 7:10 àárọ̀

Mo ti ń kà á láti ọjọ́ Ajé, mo sì fẹ́ sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ yín. Ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí láti máa tú aṣọ lára gbogbo ìwádìí. Kò sí èyí tí kò ní ihò. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti níhò, wọ́n á padà sídìí ọ̀rọ̀ WhatsApp, ibi tí wọ́n ti ń sọ pé omi gbígbóná ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ti kọjá lójú àwọn onímọ̀, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́Ayérayé · Ọjọ́bọ̀, 7:45 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn jọ́nà kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi: "Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtàkì." Èmi! Mo fi àpilẹ̀kọ tí mo kọ ní òru kan ránṣẹ́, mo san 120 dọ́là. Ọjọ́ kẹrin wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àṣìṣe tí mo ṣe sínú orúkọ ara mi ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ta ló kà á?

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Lọ́dún 2013, oníròyìn kan tó ń jẹ́ John Bohannon kọ ìwádìí irọ́ lórí ògùn jẹjẹrẹ, àṣìṣe ńlá kún inú ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. 157 gbà á. Science ló tẹ ìtàn náà jáde.

ÀǹtíManchester · Ọjọ́bọ̀, 8:30 àárọ̀

Jọ́nà tó lórúkọ náà ń ṣubú. Ìwádìí dókítà Wakefield tó so MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ọmọdé, mọ́ àìsàn ọtísìmù, The Lancet ló tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1998. Ọmọ 12 ni gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀. 12! Ọdún 2010 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Di òní, ìyá ọmọ ṣì ń fi í bi mí léèrè pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

BàbáOníṣirò · Ọjọ́bọ̀, 11:20 àárọ̀

Àgbàlagbà, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi "àwọn tí wọ́n kà kéré" bu ẹnu àtẹ́ lu ìwádìí 15, gbogbo ẹ̀ ní gbólóhùn kan náà. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò, èébú ni.

Ihò kì í ṣe ihò kan náà. Ihò wà lára agbọ̀n tí kò dí i lọ́wọ́ láti gbé iṣu. Bí ẹ bá gbé e bu omi ńkọ́? Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: àléébù tó o rí yìí, ibo ló ń ti èsì sí? Nọ́ọ̀sì tí kò dáhùn, bó bá jẹ́ pé ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù ni wọ́n wà, ṣé ó mú kí ìdá 7 yẹn tóbi jù ni tàbí kó kéré jù? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè sọ ọ́, kó má tíì pè é ní àléébù. Ikú ní tiẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn àti àkọsílẹ̀ ikú ìpínlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kà á, ẹnu ẹnikẹ́ni kọ́. Ibẹ̀ lágbára, ó sì yẹ kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ó lágbára.

Àgbàlagbàkan · Ọjọ́bọ̀, 11:52 àárọ̀

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo jókòó.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 4:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ wò ó fún mi kí n tó fi í sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi kọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nínú mi nìyí:

"Ìwádìí yìí fi hàn pé àìtó nọ́ọ̀sì ń pa aláìsàn. Ó tóbi, ìwé ilé ìwòsàn àti àkọsílẹ̀ ikú ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ti ka ikú. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti gbọ́ iye aláìsàn tó wà lọ́rùn wọn, ìdajì wọn kò sì dáhùn. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n wo ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí Queensland tó wo ṣáájú òfin àti lẹ́yìn ẹ̀ ti èyí lẹ́yìn. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹbí aláìsàn ló ń ṣe apá kan iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì Pennsylvania ń ṣe, wọ́n tún ń sáré ra ògùn lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà iye tó wà nínú ìwádìí náà kò ṣeé gbé wálé bó ṣe rí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kà á níbí, kó sì ka ẹbí mọ́ ọn."

BàbáOníṣirò · Ọjọ́bọ̀, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Gbólóhùn ìparí yẹn, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Nǹkan méjì. O kọ "ìdajì kò dáhùn": 48 ni, kọ 48. Ìkejì wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́: "ń pa." Gbogbo ohun tó o sọ nísàlẹ̀ ló ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Àkùkọ ti wọlé síbẹ̀. Kọ ọ́ pé níbi tí aláìsàn bá ti pọ̀ lọ́rùn nọ́ọ̀sì, ikú náà ń pọ̀.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti yí i padà, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mò ń múra dúútì báyìí, màá tẹ̀ ẹ́ lóru.

ÀǹtíManchester · Ọjọ́ Ẹtì, 6:05 àárọ̀

Àbúrò, ṣé o ti fi í sílẹ̀? Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ará Pennsylvania. Ní dúútì tó o ṣe gbẹ̀yìn, aláìsàn mélòó ló wà lọ́rùn rẹ?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:50 àárọ̀

Mo ti fi í sílẹ̀, àǹtí mi. Mọ́kàndínlógún. Àwa méjì la jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá mú ẹnì kejì lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé láago mọ́kànlá.